Ìbéèrè Yín Lórí Ilé: Omi Dídì Tó Ń Sé Etí Òrùlé

Láti ìgbà tí ìgbà òtútù ti wọlé ni lẹ́tà àwọn òǹkàwé wa tó ń gbé ní àwọn ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́ ti ń dé sí tábìlì mi, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì pọ̀ jù nínú wọn: omi ń jò láti àjà nígbà tí òjò kò rọ̀. Mo yan márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, yìnyín ni n óò máa pe èyí tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú, omi dídì ni n óò sì máa pe èyí tó ti le gbagidi bí òkúta. Àjà ni èyí tí a ń wò lókè nínú yàrá. Òkè àjà ni àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti òrùlé.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti ọkọ mi ti ra ilé tí a ń gbé. Lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan lórí òrùlé, ọ̀pá omi dídì á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dirodiro ní ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, kò sì ní pẹ́ tí omi á fi máa kán láti òkè fèrèsé yàrá àwọn ọmọ. Ní ọdún tó kọjá, a pààrọ̀ gbogbo gọ́tà òrùlé nítorí wọ́n sọ fún wa pé òun ló dí. Ọ̀rọ̀ náà tún ti padà. Kí ni a ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kò ṣe ohun tó burú, ibi tí àìsàn kò sí ni ẹ kàn ti ná owó ìtọ́jú. Gọ́tà kì í fa ìṣòro yìí, nítorí ilé tí kò ní gọ́tà rárá náà ń bá a pàdé. Ohun tí gọ́tà ń ṣe kò ju pé omi dídì ń kó jọ sínú rẹ̀, a sì ń tètè rí i níbẹ̀.

Yìnyín tó bo òrùlé dà bí kúbùsù, kì í jẹ́ kí òtútù ìta kan pákó òrùlé tààrà. Nínú ilé lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ amúlégbóná ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ sì ń gba àjà kọjá lọ sí òkè àjà, ó ń yá pákó òrùlé láti abẹ́. Bí ara òrùlé bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 0 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yìnyín tó fara kàn án á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láti ìsàlẹ̀, bí ojú rẹ̀ lókè tilẹ̀ ṣì funfun báláú. Omi náà á máa ṣàn lábẹ́ yìnyín, ẹnikẹ́ni kò ní rí i, títí yóò fi dé etí òrùlé. Etí òrùlé yìí ta yọ kọjá ògiri, kò sí yàrá kankan lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà bí ìta ṣe tutù ni òun náà ṣe tutù. Ibẹ̀ ni omi ti ń dì. Ní ọjọ́ kejì, òmíràn á tún dì lé e lórí, títí tí yóò fi di òkìtì tó na tàntàn láti igun ilé kan dé èkejì.

Òkìtì yìí ni mo ń pè ní ìsédò, nítorí pé iṣẹ́ tí ìsédò ń ṣe lójú odò gan-an ló ń ṣe: omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí ọ̀nà lọ, ó dúró, ó sì kún. Bí ìpẹ́ ẹja ni a ṣe to àwọn abala tí a fi bo òrùlé léra, kí omi tó ń ṣàn wálẹ̀ lè máa gba orí wọn kọjá. Adágún omi tó ń wá ọ̀nà àtigòkè padà kọ́ ni a ṣe wọ́n fún. Irú omi bẹ́ẹ̀ á wọ abẹ́ ìpẹ́ náà, á rin pákó gbingbin, á rin òwú tí a tẹ́ sí òkè àjà kí ooru má baà jáde, á sì bá ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ wá sí òkè fèrèsé yàrá àwọn ọmọ.

Ẹ ó rí i pé ohun mẹ́ta ló ní láti pàdé kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀: yìnyín lórí òrùlé, ooru ní apá òkè rẹ̀, àti òtútù ní etí rẹ̀. A kò lè bá ojú ọ̀run wíjọ́ lórí àkọ́kọ́ àti ìkẹta. Ìkejì ni tiwa, nítorí inú ilé wa ló ti ń jáde, àwa la sì ń san owó rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ti ń jáde, ẹ dúró de òru tí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá bọ́, kí ẹ jáde síta ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Ibi tí ó bá ti yọ́ lórí òrùlé yín nígbà tí àyíká rẹ̀ ṣì funfun, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ooru ti ń sá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì kí ẹ gun òkè àjà. Orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀, ẹ má ṣe tẹ àárín igi méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ yín á já wọ inú yàrá. Ẹ tan iná sí orí àwọn ìṣó òrùlé tó yọ sínú. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n hu nǹkan funfun bí ewú, ọ̀rinrin inú ilé yín ló gòkè lọ dì mọ́ wọn lórí. Kí ẹ sì wo ojú òwú náà dáadáa. Níbi tí ó bá ti dúdú bí ẹni fi èédú kùn ún, ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ó ti bu ni, ṣùgbọ́n eruku ni lọ́pọ̀ ìgbà: afẹ́fẹ́ ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún mélòó kan, òwú náà sì ń sẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ bí asẹ́ ògì. Ẹ ká òwú náà kúrò, ẹ ó bá ihò kan lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn ihò wọ̀nyí kì í ṣe ohun àjèjì. Ibi tí wáyà iná ti gba àjà kọjá ni, àti àyíká gílóòbù tí a rì sínú àjà, àti ẹ̀gbẹ́ páìpù tí àwọn pọ́lọ́ńbà gbé gba òrùlé jáde, àti orí àwọn ògiri tó pín yàrá. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá èéfín àti igi ilé sábà máa ń fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ àgbàlagbà á fi wọ̀ ọ́. Ìlẹ̀kùn kékeré tí ẹ gbà gun òkè àjà fúnra rẹ̀ kì í sábà ní ìdènà kankan ní etí. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni fáànù balùwẹ̀ tí ẹni tó rì í mọ́lẹ̀ kò so páìpù rẹ̀ mọ́ ìta, tó fi jẹ́ pé gbogbo èéfín omi gbígbóná ló ń fẹ́ sí òkè àjà.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dí àwọn ẹnu wọ̀nyí, kí ẹ tó ra òwú kankan kún èyí tó wà. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe: wọ́n á tẹ́ òwú tuntun bo ihò àtijọ́ mọ́lẹ̀, owó á lọ, omi á sì tún jò. Òwú ń dá ooru dúró nígbà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gbà á kọjá kò kà á sí, gẹ́gẹ́ bí súwẹ́tà kì í ti í gba ènìyàn nínú ìjì bí kò bá wọ ẹ̀wù mìíràn lé e. Fún ihò wẹ́wẹ́, àtè ìdíhò inú túúbù ti tó. Fún èyí tó tóbi díẹ̀, ẹ lo fóòmù tó ń wú. Ẹ má ṣe fi fóòmù sún mọ́ ọ̀pá èéfín rárá. Páànù pẹlẹbẹ ni a ń gé yí i ká, àtè tí iná kì í jó ni a sì fi ń lẹ etí rẹ̀. Gílóòbù inú àjà náà ń gbóná, ẹ jẹ́ kí oníná sọ fún yín bóyá irú èyí tí òwú lè kàn ni tiyín kí ẹ tó bò ó. Ẹ lẹ rọ́bà sí etí ìlẹ̀kùn òkè àjà, kí ẹ sì di òwú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Páìpù fáànù balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ gba òrùlé tàbí ògiri jáde síta pátápátá.

Nígbà tí ẹ bá ti dí ihò tán ni ọ̀rọ̀ òwú tó kàn. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, kí òwú tó wà ní òkè àjà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 35 sí 50, ó wà lọ́wọ́ irú èyí tí ẹ bá rà. Ohun méjì péré ni mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gun òkè àjà ilé àtijọ́ tí ẹ sì bá wóro wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi fàdákà tàbí wúrà tó ti ṣá níbẹ̀ dípò òwú, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ pe àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó ṣeé ṣe kí asbestos, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú rẹ̀. Bákan náà, bí ẹ̀rọ amúlégbóná yín bá ń jó gáàsì tàbí epo, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ilé tán, kí èéfín olóró tí kò ní òórùn má baà rí inú ilé bí ọ̀nà àtipadà sí.

Ìbéèrè: Káfíńtà kan sọ fún mi pé kí n di òwú púpọ̀ sí òkè àjà kí ooru má baà jáde. Òmíràn wá, ó ní kí n lu ihò sí abẹ́ etí òrùlé àti sí góńgó rẹ̀ kí atẹ́gùn tútù lè máa wọlé. Ọ̀kan ní kí n dí i, èkejì ní kí n ṣí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Arákùnrin mi, àwọn méjèèjì. Àjà ni ẹni àkọ́kọ́ ń sọ, òrùlé ni ẹni kejì ń sọ. Ohun tí a ń wá ni kí yàrá gbóná kí òkè àjà sì tutù bí ìta, kí yìnyín lè dúró sórí òrùlé láìyọ́ títí ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ yóò fi yípadà. Òwú àti àtè ló ń pààlà láàárín àwọn méjèèjì. Ooru díẹ̀ tó bá ṣì yọ́ kọjá ni atẹ́gùn tó wọlé lábẹ́ etí òrùlé á gbá jáde ní góńgó.

Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn akọ́lé ń tẹ̀ lé ni pé kí ihò afẹ́fẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 300 ìwọ̀n ilẹ̀ òkè àjà, kí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ìdajì wà lókè. Bí òkè àjà yín bá fẹ̀ tó mítà 90 níbùú lóròó, gbogbo ihò náà pa pọ̀ kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mítà kan níbùú lóròó. Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni etí: ẹni tó ń tẹ́ òwú á ti i lọ títí yóò fi dí àwọn ihò ìsàlẹ̀ pa. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kan páálí tàbí àwo fóòmù fẹ́lẹ́ mọ́ abẹ́ òrùlé láàárín igi àti igi, kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 lè wà láàárín òwú àti pákó. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ ta fáànù oníná tí wọ́n ń rì sínú òrùlé fún yín, ẹ dá a lóhùn pé rárá. Agbára rẹ̀ lè máa fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú yàrá gba ihò àjà lọ sókè, èyí tí í ṣe ohun tí a ń sá fún gan-an.

Ìbéèrè: Olóòtú, ọmọ mi ọkùnrin ti gbé àkàbà ti ògiri, ó sì mú àáké dání. Ó ní òun fẹ́ lọ la omi dídì etí òrùlé kí omi lè ráyè ṣàn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ gba àáké náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka èyí fúnra rẹ̀: òkìtì omi dídì tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ó wúwo ju kílò 80 lọ. Ìwọ̀n àgbàlagbà ọkùnrin kan nìyẹn, orí ẹni tó wà lórí àkàbà nísàlẹ̀ ni yóò sì wó lé. Ká tilẹ̀ ní kò já lé e, omi dídì ti lẹ̀ mọ́ ìbòrùlé pinpin, òtútù sì ti mú kí ìbòrùlé náà gbẹ kó sì máa dá bíi gúgúrú. Gbogbo ibi tí àáké bá kàn ni òjò yóò máa gbà wọlé nígbà tí òtútù bá lọ tán.

Ohun tó lè ṣe wà, orí ilẹ̀ ni yóò sì dúró sí ṣe é. Réèkì kan wà tí wọ́n ṣe fún òrùlé, ọ̀pá rẹ̀ gùn, a sì lè máa so ọ̀pá mìíràn mọ́ ọn. Bí yìnyín bá ti dá, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, kí ó fi réèkì yìí wọ́ yìnyín etí òrùlé wálẹ̀, mítà 1 sí 1.5 láti etí lọ sókè. Kó fi èyí tó fẹ́lẹ́ sílẹ̀, kí irin réèkì má baà họ òrùlé. Kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe abẹ́ ibi tó ń wọ́, kó sì kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà iná gbà wọ ilé, nítorí pé irin ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí. Bí ilé bá ń tú ooru jáde púpọ̀, omi á tún lọ dì ní ibi tí yìnyín tó kù ti bẹ̀rẹ̀, ìsédò mìíràn á sì wà lókè èyí tí a mú kúrò. Nítorí náà, ọgbọ́n láti la ọdún yìí já ni réèkì jẹ́.

Fún èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀, ẹ ra calcium chloride oníwóro, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ojú ọ̀nà kí omi dídì lè yọ́. Ẹ rọ ọ́ kún ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan, kí ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ìbọ̀sẹ̀ náà kọjá lórí òkìtì omi dídì, kí orí rẹ̀ kan wà lẹ́yìn òkìtì, kí èkejì yọ sí ìta etí òrùlé. Yóò jẹ ọ̀nà tóóró kan gba àárín rẹ̀ já, omi tó sé á sì rí ibi sá gbà. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ lásán rọ́pò rẹ̀. Iyọ̀ á dípẹtà sára ìṣó àti gọ́tà, á pa òdòdó tó wà nísàlẹ̀, bí òtútù bá sì ti lọ sí bíi ìwọ̀n 9 sísàlẹ̀ 0, agbára rẹ̀ á ti dín kù gan-an. Bí ọwọ́ kò bá lè dé ibẹ̀ láti ojú fèrèsé, ẹ pe àwọn tó ń fi èéfín omi gbígbóná yọ́ ọ. Owó wọn kì í kéré, ṣùgbọ́n wọn kì í fọ́ òrùlé.

Ìbéèrè: Omi ti ń jò wọ yàrá mi báyìí tí mo ń kọ ìwé yìí. Àjà ti wú sílẹ̀ bí ikùn. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Kí ìdáhùn yìí tó dé ọwọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti òní á ti lójú, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á wà tí yóò wúlò fún. Ẹ pa iná yàrá náà láti ibi tí ẹ ti ń pa gbogbo rẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ ibi tó wú, kí ẹ sì fi ìṣó tàbí ṣóńṣó irin lu ihò kékeré kan sí àárín rẹ̀. Ó dunni pé a ń lu ilé ẹni nígbà tí ó ń jò, àmọ́ bí ẹ kò bá tú omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo àjà lè ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá lè gun òkè àjà láìséwu, ẹ gbé fáànù kan kọjú sí abẹ́ ibi tó ń jò, kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù ìta sí i. Omi tó ń bọ̀ á dì padà níbẹ̀, jíjò á sì dáwọ́ dúró títí ẹ ó fi rí ẹni pè. Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí àwọn adójútòfò á béèrè rẹ̀. Òwú tó ti rin kò wúlò mọ́ títí yóò fi gbẹ: ẹ kó o kúrò, kí ẹ sì gbẹ igi àti ògiri láàárín wákàtí 24 sí 48, kí ó má baà bu.

Ìbéèrè: Ní ọdún tó ń bọ̀, a fẹ́ pààrọ̀ gbogbo òrùlé. Ṣé wáyà amúgbóná tí wọ́n ń tò sí etí òrùlé ni kí a fi sí i, àbí nǹkan mìíràn wà?

Ìdáhùn: Wáyà yẹn ń jẹ iná lọ́dọọdún, ọ̀nà tóóró tóóró nìkan ló sì ń là sínú omi dídì, kò ní kí ó má dì. Mo gbà pé kí a lò ó ní ilé tí kò ní òkè àjà, níbi tí àjà àti òrùlé ti lẹ̀ mọ́ra tí kò sì sí àyè fún òwú púpọ̀ tàbí afẹ́fẹ́, tàbí ní kòtò tó wà níbi tí òrùlé méjì ti pàdé. Ní ibòmíràn, ẹ fi owó náà dí ihò.

Àmọ́ nígbà tí òrùlé bá ti ṣí sílẹ̀ pátápátá, àǹfààní kan wà tí ẹ kò ní rí mọ́ fún ogún ọdún. Rọ́bà alátè kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ pákó lábẹ́ ìbòrùlé. Kò ní kí ìsédò má wà, ṣùgbọ́n omi tó bá sé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní lè kan pákó, ó sì máa ń dì mọ́ ara ìṣó tó bá gbà á kọjá. Láti etí òrùlé ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́, yóò sì gun òkè títí tí yóò fi wọ inú kọjá ojú ògiri ìta ní sẹ̀ǹtímítà 60 ó kéré tán. Ibi tí àwọn oníṣẹ́ ti máa ń rẹ́ni jẹ nìyí: láti etí ni wọ́n á ti wọn sẹ̀ǹtímítà 60 náà, bẹ́ẹ̀ láti ojú ògiri ni ó yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Bí etí òrùlé yín bá ta yọ ní sẹ̀ǹtímítà 50, mítà 1.1 ni kó jẹ́ bí a bá wọ̀n ọ́n ní ìbú, yóò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú òrùlé tó dagun. Ẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù ní ọjọ́ náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kí wọ́n tó kan abala àkọ́kọ́ lé e lórí.